Ikú Kejì

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ìbọn àti ẹ̀san láàárín àwọn ọ̀dọ́ níwájú àwọn onílé, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn olórí ìtún (àdúgbò) ní Ṣágámù nìyí. Àwọn tí kò rí ààyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, àfi ibi tí mo ti rántí ohun tí mo gbàgbé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí yín, ẹ ṣé tí ẹ wá.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, yàrá pàjáwìrì ni mo sì ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fi ọ̀kadà gbé ọmọkùnrin kan wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó dì í mú, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin aṣọ àwọn méjèèjì. Ọta ìbọn ló wọ ikùn rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ní kí wọ́n lọ gba ìwé wá ní tẹṣàn ọlọ́pàá ná. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ti bọ́. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi mẹ́fà dúró ti ògiri níta. Kò sí èyí tó ń sunkún nínú wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń tẹ fóònù. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Mo mọ ohun tí wọ́n ń gbèrò. Nọ́ọ̀sì tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì mọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé ọmọ mìíràn wá láti ìtún kejì. Ìyẹn ti kú lọ́nà.

Ikú àkọ́kọ́, bóyá kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú kejì, odidi ọjọ́ mẹ́rin la fi mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yin èèyàn mi! A kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ pàdé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú kejì yìí ni mo wá sọ.

Ìlú tí a wà yìí, ìbẹ̀rù ogun ló bí i. Nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó jọ sójú kan, Ọ̀fin, Mákùn, Ṣónyìndó, Ẹ̀pẹ́, Ìjàgbà àti àwọn yòókù. Olúkúlùkù tọ́jú orúkọ àti oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ mọ odi kan. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tó bá dá wà, ogun á kó o. Ààbò la fi dá Ṣágámù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí dé eegun bí mo bá gbọ́ tí ọmọ ìtún kan ní òun kò lè gba ìtún kejì kọjá lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé àjèjì ni ìbọn níbí. Nígbà Ogun Òwu, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ló gbé ìbọn wá ko àwọn Òwu tí wọ́n mọ àgẹdẹ̀ngbè lò. Nígbà tí Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni Ìbàdàn ń wò fún ìbọn àti ẹ̀tù láti etí òkun. Nígbà tí Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà pa, Ìbàdàn mọ̀ ọ́n lára. Ìbọn ń gba ọ̀nà ni, ó sì ń gba ọwọ́ èèyàn. Lónìí, oríta tí ọ̀nà Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Ọ̀rẹ̀ ti pàdé, ẹ̀yìn ilé wa ló wà. Ohunkóhun tó bá ń rìn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá.

Ẹ wo ìbọn tí wọ́n ń yìn ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wọlé, ìbọn á dún sókè, ọmọdé á dijú, yóò tún là á, yóò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé ló mọ ìdílé tó yìn ín, ọjọ́ tí wọ́n ń yìn ín, àti ẹni tí wọ́n yìn ín fún. Ìbọn tó ní olúwa nìyẹn. Èyí tó ń pa ọmọ wa jẹ́ ìbọn tí kò ní olúwa: wọ́n rọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń yá ara wọn lò, ẹni mẹ́ta lè lò ó lọ́sẹ̀ kan. Òfin ìbọn ti 1959 wà nílẹ̀, kò gbà kí èèyàn ní ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mọ ẹni tó ń rọ ìbọn ìbílẹ̀ lóru bí àwọn alágbẹ̀dẹ fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn alágbẹ̀dẹ sí ìpàdé bí irú èyí. N kò rí ẹyọ kan nínú wọn níbí lónìí. Ẹni tó ń bọ Ògún mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ó fẹnu kan irin pé òun kò ní rọ ohun tí yóò pa ọmọ aládùúgbò òun.

Ta ló ń yìn ín? Ẹnu wa máa ń yá láti sọ pé "àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí." N kò fara mọ́ ọn. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn ọlọ́pàá, àwọn olùkọ́ fásitì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìgboro jókòó, wọ́n ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílùú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ 61 ni wọ́n rí, àwọn tó wà nínú wọn sì jẹ́ nǹkan bí 1,300. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ ìlú náà, wọn kò pé ẹnìkan. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìpànìyàn tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó kéré tán, ìdá 60 nínú 100 ló ti ọwọ́ wọn wá. Bí a bá jókòó ka tiwa ní ìtún kọ̀ọ̀kan, mo gbà pé yóò yà wá lẹ́nu bí wọ́n ṣe kéré níye tó. A mọ̀ wọ́n. Ìyá tó ń ta ìrẹsì nígun àdúgbò mọ̀ wọ́n, ó sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè nínú wọn.

Nígbà tí Boston ti mọ̀ wọ́n tán, wọ́n pè wọ́n jókòó. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìgboro wà níbẹ̀, ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún wọn lójúkojú pé, "A ò fẹ́ kí ẹ kú. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà rèé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá tún yìnbọn pa èèyàn, gbogbo wa la máa kọjú sí i." Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1996, iye ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pa lóṣooṣù fi ìdá 63 nínú 100 lọ sílẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín: nígbà tó di 2000, wọ́n jẹ́ kí ètò náà ṣubú, ìpànìyàn sì tún gbérí. Bí a kò bá ṣetán láti máa ṣe é lọ́dọọdún, kí a má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn pásítọ̀ tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn, ẹ gbọ́ ohun tó tì wọ́n síta. Ní 1992, wọ́n ń ṣe ìsìn ìsìnkú ọmọ tí wọ́n yìnbọn pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Boston. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì wọlé tọ̀ wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n gún ẹnìkan lọ́bẹ nínú àwọn tó wá síbi òkú. Ojú wo ni pásítọ̀ yóò tún fi dúró lórí pẹpẹ? Wọ́n bọ́ sí ìgboro lóru, wọ́n ń bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá wà.

Ibi òkú. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ tiwa gan-an, kò sí ìwé òyìnbó tí mo ti kà á.

Bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Àṣà wa kò jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ rẹ̀. A ó pa ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, àwọn obìnrin á yí i ká, bàbá rẹ̀ á jókòó sínú yàrá. Àgbà ilé kò ní í lọ. Ta ló wá ń gbẹ́ ilẹ̀? Ta ló ń gbé òkú? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni! Àwọn mẹ́fà tí mo rí lẹ́bàá ògiri yẹn ni. A fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú òkú, pẹ̀lú ọtí, pẹ̀lú ìbínú, kò sí àgbà kankan láàárín wọn. Etí sàréè ni wọ́n ti ń búra. Wọ́n ti tẹ fọ́tò rẹ̀ sára fáńẹ́ẹ̀lì, fọ́tò òkú rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó pa á ti ń fi í yangàn, gbogbo ojú sì ń wo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ṣe. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ yẹn gan-an ni ọmọ ọdún méjìdínlógún ń wá.

N kò ní kí ìyá lọ sí sàréè ọmọ rẹ̀. Àṣà yẹn, àánú ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìtún yan àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kì í ṣe òbí olóògbé, àbúrò ìyá, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹni tí àwọn ọmọ náà ń bẹ̀rù tí wọ́n sì fẹ́ràn, kí wọ́n wà níbẹ̀ láti yàrá pàjáwìrì títí dé etí sàréè, títí dé ọjọ́ kẹjọ. Kí wọ́n jókòó tì wọ́n. Kí wọ́n jẹun pẹ̀lú wọn. Kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé fọ́tò òkú síta. Kí ẹnìkan lọ sí ìtún kejì lọ́jọ́ náà gan-an, kó bá àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ọmọ tí wọ́n ń wá kúrò nílùú fún ìgbà díẹ̀. Tí ìyá olóògbé bá sì lágbára àti sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun kò rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀san. Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin yẹn lágbára ju ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́wàá lọ. Rẹ́mọ ni wá, obì pọ̀ lọ́gbà wa. Obì ní í bi ikú. Ẹ jẹ́ kí a mú un dé ibi tí ikú ti ń múra.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àlá ni mò ń lá, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Gary Slutkin. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti bá kọ́lẹ́rà àti éèdì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó padà sí Chicago, ó wo àwòrán ilẹ̀ níbi tí wọ́n sàmì sí gbogbo ibi tí ìbọn ti dún, ó rí i pé bí kọ́lẹ́rà ṣe máa ń ṣù jọ ló ṣe ṣù jọ. Ẹni tí wọ́n bá yìnbọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà ti kó o. Ní 2000, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò West Garfield Park. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìyìnbọn ibẹ̀ fi ìdá 67 nínú 100 dínkù. Nígbà tó yá, wọ́n gba àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ rí sí iṣẹ́ onílàjà, àwọn tí wọ́n lè kanlẹ̀kùn lóru kí wọ́n sì ṣí i fún wọn. Kì í ṣe gbogbo ìlú tó gbìyànjú rẹ̀ ló kẹ́sẹ járí. Ibi tí onílàjà kò ti lẹ́nu láàárín àwọn ọmọ, òfo ni.

Àwa náà mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Ebola wọ Nàìjíríà ní 2014, àwọn 20 ló kó o, 8 kú, ó sì tán níbẹ̀. Báwo ló ṣe tán? Wọ́n tọpa gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, ó lé ní 800 èèyàn, wọ́n ń lọ sílé wọn lójoojúmọ́. Wọn kò dúró dìgbà tí ara yóò gbóná. Àwọn mẹ́fà lẹ́bàá ògiri, wọ́n ti fara kan ikú. Ta ló lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́n ní 1999 mọ bí ẹ̀san ṣe ń rìnrìn-àjò. Oṣù keje ọdún náà ni ìjà bẹ́ láàárín Yorùbá àti Hausa nílùú yìí, lásìkò Orò. Ẹ̀mí ṣòfò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìròyìn dé Kano, wọ́n sì gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wọn lè má tíì fẹsẹ̀ tẹ Ṣágámù rí. Ikú kejì gun ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa níbí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Kano.

Ní ti ilé ìwòsàn, ẹ há a sórí, ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kadà: láti 2017 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà pé ilé ìwòsàn yòówù kó jẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ilé ìwòsàn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá ṣeé ṣe kó yè, bóyá àwọn mẹ́fà yẹn ì bá sì lọ sùn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an jẹ́ ibi ìlàjà. Ní Oakland, láti 1994 ni wọ́n ti ń rán èèyàn lọ bá ọmọ tí ìbọn bà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó tó padà sílé lọ pète. Ilé ìwòsàn ńlá ti fásitì wà nínú ìlú wa. Kí ni kò jẹ́ kí ìtún kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkan tí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè pè lóru?

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ṣókí ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje ní University College, Ìbàdàn, tí Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà Rẹ́mọ níbí, wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ìwà àwọn tó ń fẹlá lórí akẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ní àwọn ń bá jà. Ohun tó hù jáde lẹ́yìn ìyẹn nínú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, ó ti kúrò ní fásitì, ó ti dé gárééjì, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lè wà nínú rẹ̀ láìrí géètì fásitì rí. Nítorí náà, kò sí ohun tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nìkan lè ṣe sí i mọ́. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde tó wà níjókòó, ẹ forí jì mí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà tún gbé dìde dára púpọ̀, ó dùn ún wò lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Aṣọ yẹn lè ru ẹrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó ní akápò, akọ̀wé àti ìpàdé oṣooṣù, tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ sún mọ́ra lọ́jọ́ orí, kí ló kù? Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń ṣubú nínú ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e. Kí wọ́n mú márùn-ún péré lọ́dún, kí wọ́n san owó iṣẹ́ kíkọ́ fún wọn títí dọ́jọ́ ìyọ̀ǹda, kí wọ́n ra ẹ̀rọ fún wọn. Ní Richmond ní California, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní 2007. Ní 2010, wọ́n mú àwọn tí gbogbo ìlú gbà pé àwọn ló ń yìnbọn jù, wọ́n fún wọn ní alágbàtọ́ tó ń pè wọ́n lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì ń tẹ̀lé ètò tí wọ́n jọ ṣe lè gba tó 1,000 dọ́là lóṣù, fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ bínú pé wọ́n ń sanwó fún ọ̀daràn. N kò ní kí a há owó níbí. Ṣùgbọ́n ìpè ojoojúmọ́ yẹn, ta ni kò lè ṣe é?

Kí n fò díẹ̀. Ilẹ̀ tó di igbó, ilé àpatì tí kò ní ilẹ̀kùn: ní Philadelphia, wọ́n ro irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀ sí i. Ìwádìí tó jáde ní 2018 lórí ilẹ̀ 541 fi hàn pé ìwà ipá ìbọn fi ìdá 29 nínú 100 dínkù ní àdúgbò àwọn tálákà. Àdá àti ọjọ́ ìmọ́tótó tó fún wa.

Ọlọ́pàá wà láàárín wa, inú mi dùn pé wọ́n wá. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí lójú wọn. Ní oṣù kejì 2020, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, Tiamiyu Kazeem, kú nílùú yìí lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá SARS mú un. Ìwọ́de tẹ̀lé e, ìbọn tún dún níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ sọ fún mi, ìyá wo ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí tẹṣàn pé ọmọ òun ní ìbọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Bí wọ́n bá kó ogójì ọmọ nítorí ẹni méjì, ẹni méjìdínlógójì yóò bá ẹni méjì yẹn sùn nínú sẹ́ẹ̀lì, a ó sì mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá jáde. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwa ń fi èékánná pa iná lọ́kọ̀ọ̀kan; ẹ bá wa sá aṣọ sóòrùn.

Ìbò 2027 ń bọ̀. Ẹ̀yin olóṣèlú, ìbọn tí ẹ bá fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ ìbò, ẹ kì í padà wá gbà á.

Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n béèrè ìbéèrè púpọ̀. Bàbá kan bi mí bóyá n kò bẹ̀rù pé wọ́n lè pa onílàjà. Mo dá a lóhùn pé ẹ̀rù ń bà mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má dá lọ, àti pé kó jẹ́ ẹni tí àwọn ọmọ náà mọ̀. Ìwé kékeré kan ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn kan kọ orúkọ àti ìtún wọn sí i.

Obìnrin kan kò béèrè ohunkóhun. Nígbà tí gbọ̀ngàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ó wá bá mi nídìí mọ́tò, ó di apá mi mú. Ó ní, "Mà, ọmọ mi wà nínú wọn. Wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lánàá. Ta ni kí n sọ fún?"

Mo pe olórí ìtún rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ẹ̀yìnkùlé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú alẹ́, mà." Mo ní kó sún síwájú díẹ̀, mo jókòó tì í.